Bí Auntie Sìdí Ṣe Wọlé Ìbò ní Woolwich

Ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹwọ́ díẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí sì ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé Thamesmead lónìí, tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì nígbà tó bá wù yín, tí ẹ sì máa ń sọ fún mi pé ìbò dídì ò já mọ́ nǹkan kan, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ó ti sú mi. Ẹ ní àwọn ẹgbẹ́ ńlá ló máa ń kó gbogbo ẹ̀ lọ, pé ẹni kékeré ò lè rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Mi ò ní bá yín jiyàn. Ohun tí ojú mi rí ní gbọ̀ngàn kan ní Woolwich lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ni màá sọ, kí ẹ̀yin fúnra yín wá rò ó wò.

Rónkẹ́ ni orúkọ mi. Sister Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè mí nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ sọ mí di Mummy. Lọ́ńdírì ńlá kan wà ní Nathan Way tó ń fọ aṣọ fún àwọn ọsibítù, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, aṣọ tí àwọn dókítà ń wọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Níbi tí wọ́n ti ń ya aṣọ ẹlẹ́gbin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń bá nínú ẹ̀. Mo tún jẹ́ ọmọ yúníọ̀nù, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ìpàdé. Tí mo bá ti dìde báyìí, àwọn kan á ti máa wo aago.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa, ilẹ̀ á sì ti ṣú kanlẹ̀ kí á tó jáde. Ẹ mọ Nathan Way. Wèéháùsì àti ọgbà mọ́tò ẹrù ni gbogbo ibẹ̀, kò sí ilé, kò sí ẹni tó máa gbọ́ igbe èèyàn. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọmọkùnrin kan wà ní Thamesmead tí wọn ò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú sójú rárá. Ẹ bi àwọn òbí yín, wọ́n á sọ fún yín. Wọ́n lé Auntie Sìdíkátù Lawal, tí a máa ń pè ní Auntie Sìdí, láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti já a sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Moorings, wọ́n já ìborí rẹ̀ gbà, wọ́n tún tú ajá sí i. Ìyá tó dàgbà jù láàárín wa nìyẹn o, ọmọ Ìbàdàn, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nídìí ẹ̀rọ. 

Ọ̀rọ̀ yẹn la fi jà títí àwọn ọ̀gá fi fún wa ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń gbé wa lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, láti Moorings títí dé Plumstead. Ó ń já kálukú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ọkàn wa balẹ̀. Àfi ìgbà tí máńéjà tuntun dé tó ní òun fẹ́ fagi lé bọ́ọ̀sì náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dá a dúró: ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kọmítì yúníọ̀nù wa kó tó lè ṣe é. Ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú kọmítì yẹn, ojúmọmọ ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń pe bọ́ọ̀sì náà ní bọ́ọ̀sì àwọn ará Áfíríkà. Ken, alága wọn, sọ ọ́ lójú mi pé àwọn á buwọ́ lù ú. Auntie Sìdí sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá fagi lé bọ́ọ̀sì yẹn ni òun máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí òun ò ní lè rin ọ̀nà yẹn mọ́ láyé òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé, òun nìkan ló sì ń tọ́ wọn.

Ọ̀nà kan ló kù, kí ọ̀kan nínú wa wọ kọmítì náà. Ìbò sì ti dé tán.

Tẹ́lẹ̀, bí a ṣe máa ń dìbò ni pé wọ́n á fún ọ ní ìwé, wàá fi àmì sí iwájú orúkọ márùn-ún, ó parí. Àwọn ará ẹgbẹ́ Ken, tí a máa ń pè ní Ará Àtijọ́, kì í ṣe pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ràn wọn. Àwọn tó fẹ́ràn wọn ò tó ìdajì gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn wọn yẹn á fi àmì sí orúkọ wọn márààrún, nígbà tí ìbò àwọn yòókù sì fọ́n ká, márààrún á wọlé. Ọdọọdún ni. Ẹgbẹ́ kejì tó tóbi, àwọn Onípupa, tí wọ́n máa ń ta ìwé ìròyìn lẹ́nu géètì tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo àgbáyé, ọdọọdún ni wọ́n ń pàdánù gbogbo ẹ̀. Àwọn ló fẹjọ́ sùn ní oríkò, olú ilé yúníọ̀nù. Oríkò wá ní lọ́dún náà, kí á má fi àmì sí orúkọ mọ́, nọ́ńbà ni kí á máa kọ. Ẹni tí o fẹ́ jù, kọ ọ̀kan sí i. Ẹni tó tẹ̀ lé e, kọ èjì. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa bá a lọ títí yóò fi sú ọ.

Inú yàrá tí a ti ń jẹun ni mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn obìnrin wa. Mo ní ó dà bí ìgbà tí mo bá rán ọmọ mi lọ ra ẹja ní ọjà Woolwich. Mo ní kó ra pànlá. Tí pànlá bá ti tán, kó ra kòtè. Tí kò bá sí kòtè, kó mú ṣáwá wá, kó má ṣáà padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ìwé ìbò náà nìyẹn. Tí ẹni tí ẹ kọ́kọ́ mú bá ti já, ìwé yín á lọ bá ẹnì kejì tí ẹ dárúkọ. Iye ìbò kan sì wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé. Tí tirẹ̀ bá kọjá iye náà, wọ́n á mú èyí tó lé lórí ẹ̀, wọ́n á fi fún àwọn tí àwọn olùdìbò rẹ̀ kọ ṣìkejì. Ìyá kan bi mí pé tí òun bá kọ nọ́ńbà fún Ken ní ìsàlẹ̀, ṣé kì í ṣe pé òun ti fún un ní ìbò òun nìyẹn. Mo ní rárá, ìwé yín ò ní dé ọ̀dọ̀ Ken àfi tí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ́kàn yín bá ti tán nílẹ̀. Ó ní àlàyé mi dáa ṣùgbọ́n pànlá ti wọ́n jù.

Auntie Sìdí la fà kalẹ̀, òun nìkan. Ẹgbẹ́ wa kéré jù láti fa ẹnì kejì. Kódà, tí gbogbo oníṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bá kọ nọ́ńbà kìíní fún un, ìbò wa ò tó iye tó lè gbé e wọlé. A nílò nọ́ńbà kejì, nọ́ńbà kẹta, nọ́ńbà kẹrin àwọn èèyàn tí kì í ṣe tiwa. Ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa nìyẹn.

Bọ̀dá Dípọ̀ ni aṣojú Auntie Sìdí nínú ìbò náà. Awakọ̀ fáànù ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Plumstead. Ó ti ṣe aṣojú fún ẹgbẹ́ òṣèlú nílé lọ́dún 1983, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí àpótí ìbò tó wọ ilé èèyàn kan tó sì jáde pẹ̀lú ìwé tó ju èyí tó bá wọlé lọ. Lójú Dípọ̀, ogun ni ìbò. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lọ́dọ̀ wa, kí á má kí i, kí á má rẹ́rìn-ín sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ò gba ìgbàkugbà.

Ẹni tó ń sọ ìyẹn fún ni Auntie Sìdí! Ìyá tí kò lè gba iwájú ológbò kọjá kó má kí i. Gbogbo ẹni tó bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kí ní èdè òyìnbó pé “Well done”, torí pé ẹ kú iṣẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ máa ń wojú ara wọn. Ẹlòmíì á bi í pé kí ni òun ṣe tó dáa. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára, tí Auntie Sìdí bá gba ìsinmi, àwọn tó ń kó ẹrù á máa bi mí pé ìyá tó máa ń kí àwọn dà. Mo rí i tó ń kí Ken. Mo rí i tó ń kí Terry.

Kí n sọ ẹni tí Terry jẹ́. Ó ń kó ẹrù sínú mọ́tò, kò sí nínú ẹgbẹ́ Ken, kò sì sí lára àwọn Onípupa, òun nìkan ló dá dúró díje. Ìlérí kan ṣoṣo ló ṣe: kí wọ́n fagi lé bọ́ọ̀sì àwọn ará Áfíríkà, kí wọ́n fi owó ẹ̀ ra bàtà tó dáa fún àwọn tó ń kó ẹrù. Ẹni tó buwọ́ lùwé fún un láti díje ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Stan.

Ààwẹ̀ ti wọlé nígbà tí ìyàwó Stan kú. Auntie Sìdí pè mí, ó ní kí n múra, pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè a fẹ́ lọ bá Stan jókòó. Dípọ̀ gbọ́, ó ní:

“Ilé Stan kẹ̀? Auntie, ìbò kù díẹ̀ kó wọlé, ẹ fẹ́ lọ jókòó sílé ọ̀tá?”

“Ìyàwó ẹ̀ kú, Dípọ̀.”

Ó ti se ìrẹsì, ó kó o sínú kúlà. Torí pé ó ń gbààwẹ̀, kò lè tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ ò sì tó, mo mọ̀ nítorí pé èmi jẹ nínú ẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ Plumstead Common níbi tó ń gbé. A ò tẹ̀ ẹ́ láago ṣáájú. Nílé wa, ta ló ń tẹ ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láago kó tó lọ bá a? Stan ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ó wò wá, ó sì béèrè bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Auntie Sìdí ní rárá, pé a wá jókòó tì í ni. Kò mọ ohun tó máa ṣe sí wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn kì í ṣàdédé yọ sí ẹlòmíì báyìí. Mo fẹ́ ká yí padà, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ìyá yìí ti wọlé.

A jókòó. Stan po tíì, Auntie Sìdí ní òun ń gbààwẹ̀, tèmi nìkan ni mo mu. Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí dìde, ó gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ láti orí tẹlifísàn wá fún wa, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Auntie Sìdí ò sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó ṣáà mú fọ́tò náà dání, ó ń wò ó, títí Stan fi sunkún tán. Lọ́sẹ̀ kejì, Stan gbé kúlà náà wá sẹ́nu iṣẹ́, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Báàjì tó fi ń polongo ìbò fún Terry ṣì wà láyà ẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ọjà Woolwich ni wọ́n ti ka ìbò. Mr. Evans, bàbá arúgbó kan tí wọ́n rán wá láti ẹ̀ka mìíràn, ló wà nídìí tábìlì pẹ̀lú obìnrin méjì tó ń bá a ka ìwé. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìwé kankan àfi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kí gbogbo èèyàn máa wò. Dípọ̀ wọ kóòtù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró bí ẹ̀ṣọ́. Auntie Sìdí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó di ọwọ́ rẹ̀ sórí itan.

Wọ́n kọ́kọ́ pín ìwé gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kìíní. Ti Ken ga fíofío, ó kọjá iye tó yẹ dáadáa. Obìnrin kan láàárín àwọn Onípupa náà wọlé lójú ẹsẹ̀. Ti Auntie Sìdí wà nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú àwọn márùn-ún tó ṣíwájú, kò sí lára wọn. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa tù ú nínú.

Mr. Evans wá fa ìwé yọ lára ti Ken, ó bẹ̀rẹ̀ sí pín wọn sórí ti àwọn ẹlòmíì. Kí n tó mọ̀, Dípọ̀ ti na ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n dá ìwé yẹn padà síbi tí wọ́n ti mú un. Ó ní òun mọ nǹkan tí òun ń wò. Tí a bá ti ka ìbò tán, tí ẹnì kan tún ń gbé ìwé láti ibì kan sí ibòmíì, orúkọ kan ṣoṣo ló ní, màgòmágó, òun sì ti rí i nílé rí, òun ò ní gbà á níbí.

Ken rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun kọ́ ló sọ ọ́ o, aṣojú Mrs. Lawal ló sọ ọ́, tí wọn ò bá fara mọ́ ọn, kí wọ́n dá kíkà náà dúró. Mr. Evans yọ awò ojú rẹ̀, ó ṣàlàyé pé tí olùdíje bá takò ó, òun máa di gbogbo ìwé náà pọ̀, òun á fi wọ́n ránṣẹ́ sí oríkò. Títí ìdáhùn á fi dé, kọmítì àtijọ́ ló ṣì máa wà nípò.

Ọjọ́ Túsídè tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni kọmítì fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì wa! Ken mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo fa kóòtù Dípọ̀, kò gbọ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn wa, ó ń jà fún wa, àmọ́ ohun tí Ken ò lè rí gbà lọ́wọ́ wa, òun ló fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́ yìí. Mr. Evans yíjú sí Auntie Sìdí, ó bi í bóyá ó fara mọ́ ohun tí aṣojú rẹ̀ sọ.

Kò dìde. Èdè Yorùbá ló kọ́kọ́ sọ.

“Dípọ̀, jókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn ìwé yẹn ni wọ́n ń jẹ́.”

Ó wá yíjú sí bàbá náà, ó ní kó máa kà á lọ. Dípọ̀ wò ó, ó wo tábìlì, ó sì jókòó. Ẹ̀rín ojú Ken tán.

Ẹ wá wo nǹkan. Mo ti ń ṣe yúníọ̀nù bọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó dìgbà yẹn, mo ti tò lórí ìlà dìbò nílé àti níbí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Nínú ìwé tó lé lórí ti Ken, ọ̀pọ̀ lọ bá àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó ń kà á á pe “Lawal”, á sì gbé ìwé kan sórí ti Auntie Sìdí. Ará ẹgbẹ́ Ken ni wọ́n o! Wọ́n yọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn Onípupa, wọ́n ṣí ìwé rẹ̀, “Lawal” tún wà níbẹ̀. Wọ́n yọ ẹlòmíì. “Lawal.” Kò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá méjì níbí, bóyá mẹ́ta lọ́hùn-ún, àmọ́ òkìtì yẹn ò yéé ga. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ń já, òun ò já. Dípọ̀ ti dìde, ó ti sún mọ́ tábìlì débi pé wọ́n ní kó sún sẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣe mí lọ́kàn, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Gbogbo àwọn èèyàn yẹn, mo mọ̀ wọ́n lójú. Mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo ti pín wọn sọ́kàn mi, tiwa nìyí, tiwọn nìyẹn. Ìwé wá ń jáde níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún mi pé mi ò mọ̀ wọ́n rárá.

Ó wá ku àyè kan ṣoṣo, ó sì ku èèyàn mẹ́ta tó ń dù ú: Auntie Sìdí, ọkùnrin ẹgbẹ́ Ken kan tó ń jẹ́ Ray, àti Terry. Ray fi díẹ̀ ṣíwájú Auntie Sìdí. Terry ló kéré jù, nítorí náà ìwé Terry ni wọ́n fẹ́ pín. Dípọ̀ gbé orí lé ọwọ́. Èmi náà mọ̀ pé ó parí nìyẹn. Èwo nínú àwọn tó dìbò fún ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀sì wa ló máa wá dìbò fún wa?

Mr. Evans mú ìwé àkọ́kọ́. Ray. Èkejì, Ray. Ó mú òmíì, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ lẹ́yìn ti Terry, ó rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú òmíì, ó ní Lawal.

Ẹnì kan jókòó sí ibì kan pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, ó kọ ọ̀kan síwájú Terry, ó sì kọ èjì síwájú Sìdíkátù Lawal. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ray, Lawal, Ray, Lawal, Lawal. Àwọn ìwé míì tún wà tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn Terry. Mo wá Stan káàkiri gbọ̀ngàn náà, kò wá. Mi ò lè sọ bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ọ́ títí dòní. Mo ṣáà mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ka ìwé Terry tán, ìyá tí wọ́n tú ajá sí ti kọjá Ray, Mr. Evans sì kéde rẹ̀ pé ó wọlé. Omi bọ́ lójú mi. Dípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un pẹ̀lú kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, níwájú gbogbo òyìnbó. Auntie Sìdí ní kó dìde, kó bá òun wá omi, pé oòrùn ti wọ̀, òun fẹ́ ṣínu.

Lọ́jọ́ Túsídè, ará ẹgbẹ́ Ken méjì àti Onípupa méjì ló bá a jókòó nínú kọmítì tuntun náà. Àwọn Onípupa ní kí wọ́n má fagi lé bọ́ọ̀sì, àwọn ẹgbẹ́ Ken ní kí wọ́n fagi lé e. Ẹni karùn-ún nìkan ló kù. Ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ tó kéré jù lọ ló dá ẹjọ́ náà, a ò sì pàdánù bọ́ọ̀sì wa.

Ohun tí a rí gbà nìyẹn, kí ẹ má rò pé ó kéré. Fún gbogbo ìyókù ìgbà tí lọ́ńdírì yẹn fi wà, obìnrin kan ò tún fi ẹsẹ̀ rìn kúrò ní Nathan Way lóru. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá ní ibòmíì, bọ́ọ̀sì lọ, yúníọ̀nù lọ, a túká. Nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 1993 yẹn kan náà, odidi orílẹ̀-èdè wa tò dìbò nílé, wọ́n kà á, wọ́n sì fagi lé e. Dípọ̀ jókòó sínú fáànù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò lè wakọ̀. Ó ní, “Rónkẹ́, ìwé Terry tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, bàbá tó ka ìbò yẹn ò sọ ọ́ nù. Ó tọ́jú ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ó tún ń dùn mí tí mo bá rí àwọn obìnrin tó ń fọ ọ́fíìsì lónìí, tí wọ́n ń dúró nínú òkùnkùn de bọ́ọ̀sì tí kò tètè dé, tí kò sì sí ẹni tó ń bá wọn sọ ọ́ níbi kankan. Ọrùn yín ni ìyẹn wà, ẹ̀yin ọmọ. Èmi ti ṣe tèmi.

Nǹkan kan kù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọmọbìnrin Terry bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà ilé wọn ò sí lára ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Terry wá bá Auntie Sìdí nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó ń fi ọwọ́ ha ọrùn, ó ní ṣé bọ́ọ̀sì náà lè yà dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé ọkàn òun ò balẹ̀ lórí ọmọ náà. Mo ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu tí mo fẹ́ sọ sí i. Auntie Sìdí ò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó bi í ní orúkọ àdúgbò wọn, ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀, ọmọ náà á bá wa wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Terry lọ tán, mo bínú sí i. Mo ní ọkùnrin yìí ló fẹ́ gba bọ́ọ̀sì yìí lọ́wọ́ yín, ẹ kàn fún un báyẹn, ẹ ò tiẹ̀ bi í léèrè nǹkan kan?

Ó ń tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sórí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè.

“Rónkẹ́,” ó ní, “ta ló mọ̀ bóyá òun ló gbé mi wọlé?”